Àwọn Ọmọ Sòmálí àti Ewì Wọn

Bí a bá dárúkọ Sòmálíà láàárín wa, ogun, ọ̀dá àti àwọn ajalèlókun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rántí, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé akéwì ni mo mọ àwọn ènìyàn yìí sí ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ìwo Áfíríkà, níbi tí ilẹ̀ ti yọ ṣóńṣó sínú Òkun Índíà, ni ilẹ̀ baba wọn. Orí àpáta gbígbẹ ibẹ̀ ni igi tùràrí àti òjíá tí a ń kà nípa wọn nínú Bíbélì ti ń hù. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, gúnlẹ̀ sí Mogadishu ní ọdún 1331, ìlú oníṣòwò ńlá tí aṣọ híhun rẹ̀ ń dé Íjíbítì ni ó bá. Gbogbo àwọn ọmọ Sòmálí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Darandaran ni ọ̀pọ̀ wọn, ràkúnmí sì ni ọrọ̀ wọn. Bí omi àti koríko bá tán, àwọn obìnrin tí wọ́n hun ẹní, tí wọ́n sì fi í kọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní aqal, náà ni wọn yóò tú u, tí wọn yóò sì dì í ru ràkúnmí.

Ìràwọ̀ funfun onígun márùn-ún ni ó wà láàárín àṣíá wọn. Igun kọ̀ọ̀kan dúró fún apá kan ilẹ̀ náà: èyí tí Gẹ̀ẹ́sì gbà, èyí tí Ítálì gbà, èyí tí Faransé gbà tí a ń pè ní Jìbútì lónìí, Ogaden lábẹ́ Etiópíà, àti àríwá ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ó para pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1960. Àwa tí a ní ẹbí ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ti ń rí lára.

Ewì àwọn ọkùnrin tí ó níyì jù ni gabay. Ti àwọn obìnrin ni buraanbur. Bí akéwì bá fi ìró d bẹ̀rẹ̀ gabay, ọ̀rọ̀ tí ó ní ìró d níwájú gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan títí ewì yóò fi parí, ì báà gùn tó ọgọ́rùn-ún ìlà, ẹni tí ó bá sì há a sórí kò gbọdọ̀ kì í láìdárúkọ ẹni tí ó ni ín. Sayyid Mohammed Abdullah Hassan, tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1899 títí wọ́n fi fi ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù sí àwọn odi rẹ̀ ní 1920, fi ewì jà bí ó ti fi ìbọn jà. Nígbà tí Richard Corfield, olórí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, kú lójú ìjà ní 1913, ewì ni Sayyid fi rán an lọ sí ọ̀run àpáàdì.

Ọdún 1972 ni ìjọba Siad Barre tó fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì Látìn fún èdè náà, ní 1974 sì ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìgbèríko láti kọ́ àwọn darandaran ní ìwé kíkà. Síbẹ̀, ẹnu kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1979, akéwì kan tí ń jẹ́ Gaarriye ké ewì kan tí ó lòdì sí ẹ̀tanú láàárín ìdílé àti ìdílé, àwọn akéwì mìíràn sì fi ìró d kan náà dá a lóhùn, àwọn kan ń gbè é, àwọn kan ń ta kò ó. Deelley ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń dà kọ fún ara wọn ni ó sì ti tàn káàkiri.