Malcolm Butler, ẹni tí wọn ò pe orúkọ ẹ̀

Mo tún jókòó ti fídíò Super Bowl 2015 lónìí, ìyẹn àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, Patriots pẹ̀lú Seahawks, torí Malcolm Butler, cornerback Patriots. Àbúrò mi ní ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì sú yín ni? Kò tíì sú mi.

Ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà yìí, cornerback ló ń máàkì àwọn tó ń sá lọ gba bọ́ọ̀lù, àwọn ń sá síwájú, òun ń sá sẹ́yìn, tó bá ṣe é dáadáa kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá já a sílẹ̀ ni gbogbo ayé máa mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀. Iṣẹ́ burúkú ni jàre.

Ọmọ Vicksburg ní Mississippi ni Malcolm Butler. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́kọ́ lọ lé e kúrò nínú tíìmù, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Popeyes, níbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín, kó tó dé West Alabama. Èèyàn 256 ni wọ́n mú ní draft 2014, níbi tí àwọn tíìmù ti ń ṣa àwọn ọmọ tuntun, kò sí lára wọn. Patriots kàn ní kó wá dán ara ẹ̀ wò ni, ó ṣe é, wọ́n bá sáìn ẹ̀.

Gbogbo ayé ló mọ bọ́ọ̀lù tó já gbà nínú Super Bowl 2015 yẹn, àmọ́ ibi tí mo máa ń dá fídíò dúró sí ṣáájú ìyẹn. Seahawks ju bọ́ọ̀lù sí Kearse, ọmọ tíìmù wọn, Butler fò, ọwọ́ ẹ̀ kàn án, ó tán lójú tiẹ̀, àfi bí Kearse ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń ta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ta mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì rí i mú! Butler ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ o, wọ́n ṣì gbà á lórí ẹ̀. Ó lọ jókòó, ojú ẹ̀ pọ́n.

Lynch ti Seahawks gbé bọ́ọ̀lù dé yáàdì kan péré sí ẹnu ilà tí wọ́n ti máa gba máàkì, kóòṣì Patriots pariwo pé kí Malcolm wọlé. Irú pàásì tó ń bọ̀ yẹn, wọ́n ti fi já a sílẹ̀ ní tréénìn, torí náà bó ṣe rí bí àwọn Seahawks méjì ṣe tò síwájú ara wọn, ó ti mọ̀. Wilson, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Seahawks, jù ú sí Lockette, Butler ti débẹ̀ ṣáájú, ó já a gbà. Patriots wìn, 28 sí 24. Àwọn kan wá ń sọ pé oríire ni. Oríire kẹ̀?

Ohun tó ká mi lára ni ti 2018. Ó ti gbá gbogbo sísìn yẹn, ó wá ku Super Bowl pẹ̀lú Eagles, Belichick, kóòṣì àgbà Patriots nígbà yẹn, fi í sórí bẹ́ǹṣì, kò jẹ́ kó gbá díféǹsì rárá. Omi ń dà lójú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Eagles nà wọ́n 41 sí 33, kóòṣì ní torí kí tíìmù lè wìn lòun ṣe ṣe é, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí wọn ò náwó draft lé lórí, ó dà bíi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á síṣẹ́.

Titans, tíìmù míì, fún un ní kọ́ńtíráàtì 61 million dọ́là lọ́dún yẹn. Àwọn kan ní owó yẹn ti pọ̀ jù. Èmi ní kí wọ́n fi sí i!

Àṣé ó ṣì máa padà sí Patriots ní 2022, lọ́dọ̀ Belichick kan náà yẹn, ló bá fara pa kí sísìn tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní ọkàn ẹ̀ dáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò ní lọ ní tèmi, kódà kí wọ́n fi mọ́tò wá gbé mi.