Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo omidùn kí wọ́n tó ṣí ìwé

Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí ìgbàlódé gbà sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán aláràbarà ló kún inú ẹ̀. Mo ní ìyà handout ti tán lára àwọn ọmọ pólì mi.

Àṣé àwòrán yẹn gan-an ló máa kó bá mi. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ láàbù, ọmọ kan fojú sí maikirosikóòpù, ó wò ó títí, ó ní, "Mà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o." Kòkòrò sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Aláwọ̀ ewé tó ń dán, bó ṣe wà nínú ìwé, lòun ń wá. N kò sọ fún un pé maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́nì tí wọ́n fi ya tinú ìwé kì í ya àwọ̀, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kun àwòrán bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yìí, n kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣí ìwé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Omidùn ni mo ń bù wá láti ilé. Wọ́n á kán díẹ̀ sórí síláìdì, á gbẹ, wọ́n á mú un gba orí iná kọjá, ó di aró Gram, ọ̀nà tí a fi ń pín kòkòrò sí aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ pupa: aró àlùkò, ayodíìnì, sípírítì, aró pupa. Ìdí sípírítì ni kí ẹ ti dúró tì wọ́n. Ìwé á ní ìṣẹ́jú àáyá báyìí-báyìí, àmọ́ bí ohun tí wọ́n tẹ́ bá fẹ́lẹ́ jù, sípírítì á bó àlùkò lára èyí tí kò yẹ kó bó lára rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á pupa. Omi tó ń kán sílẹ̀ ni kí wọ́n wò. Bó bá ti mọ́, kí wọ́n fi omi ṣàn án kíá.

Wọ́n á wá ya ohun tójú wọn rí: ọ̀pá tín-ín-rín aláwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú yíìsì róbótó tó tóbi jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé.

Ìwé tí mo ń pè ní tuntun náà sì ti ń gbó. Mo kọ Lactobacillus plantarum, orúkọ ọ̀kan lára àwọn kòkòrò inú omidùn, sójú bọ́ọ̀dù bó ṣe wà nínú ìwé náà, ọmọ kan na fóònù sí mi: wọ́n ti pín ọ̀wọ́ (genus) Lactobacillus sí ọ̀nà 25 lọ́dún 2020, Lactiplantibacillus plantarum ló ń jẹ́ báyìí. Ojú tì mí díẹ̀, kí n má purọ́. Mo nù ún, mo tún un kọ.

Ọmọ yẹn ló ń gbé omidùn wá báyìí. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ògì.