Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Kíka Oríṣi Ìwé Mẹ́ta Pọ̀

Ó pẹ́ tí ìwé kíkà ti wọ̀ mí lẹ́wù, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà tí mo ń gbà kàwé ń fi ohun púpọ̀ dù mí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn adẹ́rùbani, òun nìkan ni n óò máa kà fún oṣù méjì. Bí ó bá sú mi, n óò yà sí ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn ènìyàn fúnra wọn kọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan ìwé ìtàn gidi àti ti sáyẹ́ǹsì.

Ìwé kan nípa òkè ayọnáyèéfín ni ó là mí lójú. Òkè Tambora, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí, bú gbàmù ní oṣù kẹrin ọdún 1815, ohun tí ó tú sójú òfurufú sì dí oòrùn lọ́wọ́ débi pé òtútù àti òjò ba irè oko jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1816. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo bá orúkọ kan pàdé tí n kò retí níbẹ̀: Mary Shelley.

Mo ti ka Frankenstein, ìtàn adẹ́rùbani tí obìnrin yìí kọ nípa ọkùnrin kan tí ó fi ẹ̀yà ara òkú dá ẹ̀dá alààyè, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fo ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Mo padà sí i. Nínú èyí tí ó kọ sí ẹ̀dà ọdún 1831, ó ṣàlàyé pé òjò ni ó há òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mọ́lé lẹ́bàá adágún Geneva, tí Byron, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn iwin kan. Ọmọ ọdún 18 ni obìnrin yìí nígbà náà. Ó rí òjò, kò sì sọ ohunkóhun nípa òkè tí ó wà lókèèrè. Ẹni tí ó kọ ìwé Tambora mọ ibi tí òjò ti wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ó ṣe rí nínú ilé yẹn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Mary Shelley. Ní ọdún 1815, ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ bí kú ní ìkókó, kò sì pẹ́ sí i tí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lálàá pé ọmọ náà jí, pé òtútù lásán ni ó mú un, pé àwọn fi ọwọ́ ra á lára níwájú iná, ó sì yè. Mo ní láti gbé ìwé náà kalẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sáré ka Frankenstein láti mọ ẹni tí ikú kàn, n kò mọ̀ pé ìyá tí ó ti lálàá pé òkú ọmọ òun jí ni ó kọ ọ́.

Nítorí náà, bí ìtàn adẹ́rùbani kan bá gbà yín lọ́kàn, ẹ má ṣe sáré mú irú rẹ̀ mìíràn. Ẹ wá ohun tí òǹkọ̀wé náà sọ nípa ara rẹ̀, kí ẹ sì wá ìwé tí ó sọ bí ayé ṣe rí ní àkókò tí ó ń kọ ọ́. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí ìgbẹ̀yìn o, nítorí ó sábà máa ń tú àṣírí ìtàn.)

Ẹ má sì ṣe gba ìtàn ìgbésí ayé bí àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Mary Shelley sọ pé ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí òun tó rí ìtàn kọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Polidori, dókítà Byron, kọ sínú ìwé ìrántí tirẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1816 pé gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ àfi òun. N kò pe obìnrin náà ní òpùrọ́. Ọdún 15 ni ó fi gbé ìrántí yẹn kí ó tó kọ ọ́.

Polidori náà kọ ìtàn tirẹ̀, The Vampyre, tí wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ Byron gbé jáde ní ọdún 1819. Òun ni mo ń kà lọ́wọ́ báyìí, ìwé ìrántí rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.