Náírà òdo ní Ìtòkú

Àbúrò wa kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, pinnu pé òun máa gba ìyá òun lọ́wọ́ ìṣírò. Ìyá ń ta àdìrẹ, ọmọ ń kọ́ C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ oní-4GB ló wà nílé, bátìrì rẹ̀ sì ti kú: bí NEPA bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Code::Blocks, ètò tí wọ́n ti ń kọ irú èdè bẹ́ẹ̀, ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́, kò sì ṣìyàn. Ó ti wà láti 2005, ọ̀fẹ́ ni, kò bèèrè káàdì, kò bèèrè í-meèlì, tó bá ti dé orí ẹ̀rọ, ó bọ́ lọ́wọ́ dátà nìyẹn. Kì í jẹ RAM bí ẹni ń jẹ láfún, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan.

Dátà tó ń ṣọ́ ló kó bá a. Fún Windows, fáìlì méjì tó jọra ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀: ọ̀kan ní mingw nínú orúkọ, èkejì ò ní. Nínú ẹ̀dà 20.03, èyí tí kò ní in kò tó 40MB, èyí tó ní in ju 100MB lọ. Kékeré ni àbúrò dáńlóòdù. Compiler ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn, ògbufọ̀ tó ń sọ C++ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ìkòkò wà, ààrò wà, alásè ni ò sí.

Ó kọ ìlà bíi ogójì, ó tẹ Ctrl+F10 kí ètò náà lè ṣiṣẹ́. Àpótí kan yọ: wọn ò tíì build project yìí (sọ ọ́ di ètò tó lè ṣiṣẹ́), ṣé kí n ṣe é? Ó tẹ Yes. Kò sí nǹkan kan. Ó tún tẹ Ctrl+F10, àpótí náà tún béèrè bí ẹni tí wọn ò ríra rí. Wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ títí ìyá fi ní, "Ṣé ó ti ń ṣírò?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Gbogbo àsìkò yẹn, Build log, àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ti kọ ọ́ gbangba pé òun ò rí compiler pè. Ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ló máa ń wà. Àmọ́ àbúrò ti ṣèèṣì tẹ F2, F2 ló sì ń ṣí pátákó ìsàlẹ̀ yẹn, òun náà ló ń tì í. Àbùkù tó ń bí mi nínú jù nìyí, ju ti Git, ohun èlò tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́, tí kò bá a wá, ju ti àbá ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ kó tó jáde bí ìwọ bá ń kọ̀wé lọ. Bọ́tìnì kan ṣoṣo, ẹ̀rí wọlẹ̀. Shift+F2 ń ṣe pátákó apá òsì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó dáńlóòdù ti ńlá, dátà tó ń ṣọ́ wá lọ lẹ́ẹ̀mejì. Settings, Compiler, Toolchain executables, Auto-detect: ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Ó tún wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ C:\Program Files\CodeBlocks\MinGW\bin. Code::Blocks fúnra rẹ̀ ló máa ń wá fódà bin, tí compiler wà, nínú ohun téèyàn bá kọ síbẹ̀, inú bin ló wá ń wá bin kiri. Orí MinGW ni kéèyàn ti dúró.

Ó wá dáhùn. Àbúrò wọ bin\Debug, ó tẹ adire.exe, ètò tó ti parí, lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá lè fojú rí i. Fèrèsé dúdú yọ: "Yáàdì mélòó?" Inú ẹ̀ dùn, ó sáré lọ tún ọ̀rọ̀ kan kọ, ó tẹ F9 kó lè tún un build. Permission denied: wọn ò gbà fún un. Ó fi administrator ṣí Code::Blocks, kò gbọ́. Fèrèsé dúdú tó fi han ìyá ló ṣì wà ní ṣíṣí. Windows kì í jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan lé .exe tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ká pa á dé, ó tán.

Oníbàárà dé. Yáàdì méjì ààbọ̀ ló fẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni yáàdì kan. Àbúrò tẹ 2.5. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí Enter, ẹ̀rọ ti béèrè owó yáàdì kan, kò dúró gbọ́ èsì, ó ti kọ ọ́ jáde: Àpapọ̀: náírà 0.

int, tí kì í gba ju odidi nọ́ńbà lọ, ló fi gba yáàdì. cin, tó ń gba ohun téèyàn tẹ̀, mú 2, ó fi .5 sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Int tó yẹ kó gba owó wá ṣíjú, àmì tí kì í ṣe nọ́ńbà ló bá, ló bá di òdo. double, tó ń gba ààbọ̀, ló yẹ kó fi gba méjèèjì. Compiler ò bá a wí, torí gírámà ò ṣẹ̀. Ká ní ó fi breakpoint, àmì tó ń dá ètò dúró, síbẹ̀, tó tẹ F8, ì bá rí òdo náà nínú Watches, fèrèsé tó ń fi iye nǹkan hàn, àmọ́ "Ise Mama" lorúkọ fódà rẹ̀, àlàfo inú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí debugger, ohun èlò tó ń wá àṣìṣe, kọjá lórí breakpoint bí ẹni tí kò rí i.

Oníbàárà ti na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní òun fara mọ́ ọn, ẹ̀rọ kì í parọ́.

Ìyá rọra pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti igba ó lé àádọ́ta náírà, àǹtí. Ọmọdé ló ń ṣeré."