Láti Òṣogbo dé Jọ́ọ̀sì: bí a ṣe ń rí ológoṣẹ́ orí àpáta

Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń ṣa èso koríko lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀, ta ni ò mọ̀ wọ́n? Ìbátan wọn kan wà tí kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Rock Firefinch, ìyẹn ológoṣẹ́ orí àpáta, ni wọ́n ń pè é, kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, àárín àpáta òkè Jọ́ọ̀sì ló fẹ́ràn jù.

Ẹ gba Iléṣà, Àkúrẹ́, Lọ́kọ́ja, kí ẹ sùn ní Àbújá. Ẹ má fi òru rìn. Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́fí, Akwanga, kí mọ́tò tó pọ́n òkè Hawan Kibo. Òṣogbo ga ní bíi 300 mítà, Jọ́ọ̀sì ju 1,200 lọ. Súwẹ́tà kì í ṣe fàájì níbẹ̀, ọyẹ́ wọn ń la ètè. Igbó Amurum lẹ́bàá Laminga lẹ ń lọ, níbi tí ilé ìwádìí ẹyẹ APLORI wà. Ẹ yọjú sí wọn, ẹ mú afinimọ̀nà.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé etí lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá a. Wọ́n á gbọ́ orin rẹ̀ lórí igi, wọ́n á gbójú sókè, ẹyẹ dúdú kan tí ń dán ni wọ́n á rí. Olè ni! Jos Plateau Indigobird kì í tọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ìtẹ́ ológoṣẹ́ orí àpáta ló ń yé sí. Inú ẹnu ọmọ rẹ̀ ní àmì bíi ti ọmọ onílé, akọ rẹ̀ sì ń sín orin onílé jẹ. Ẹ wá wo àgbákò: olè ti ní orúkọ nínú ìwé láti 1982, 1998 ni wọ́n tó ka onílé sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Ilẹ̀ ni kí ẹ wò, ní ìdí àpáta, níbi tí koríko ti pàdé òkúta. Èso gbígbẹ ló ń jẹ, kò lè ṣe kó má mu omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ibi tí omi kù sí láàárín òkúta, ẹ jókòó ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 sí i, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá ń rìn kiri ló ń lé e wọ pàlàpálá òkúta.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti akọ pupa rẹ́súrẹ́sú, àtàrí rẹ̀ dà bí eérú, ẹnu rẹ̀ dúdú tó fà sí búlúù. Tí ẹnu bá pupa, tí òrùka yẹ́lò sì yí ojú ká, Red-billed Firefinch tí ń gbé àárín ìlú nìyẹn. Tí ẹ̀yìn bá ní àwọ̀ ilẹ̀, African Firefinch ni. Abo ló ń da ojú rú. Ẹ dúró de akọ rẹ̀, wọn kì í sábà jìnnà síra.

Bainọ́kúlà (awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni) 8x42, èyí tí ń fa nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ, tó. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ a máa gbọ̀n lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ á bo dígí rẹ̀: ẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó fi aṣọ nù ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyanrìn á ha á. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, ẹ lọ jẹun. Ẹyẹ ti sá fún oòrùn, ó di aago mẹ́rin.