Ọjọ́bọ: ẹsẹ̀ Màmá

Ìgbà kẹfà rèé tí mo gbé Màmá láti Ọ̀fà wá gba abẹ́rẹ́ oníná ní Tanke, n'Ílọrin. Láàárọ̀, bí mo ṣe ń bu omi ìwẹ̀ fún wọn, wọ́n ní, "Mo sùn mọ́jú o." Mo gbé korobá sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kẹ́yìn.

Àtọ̀gbẹ ló sọ ẹsẹ̀ náà dà bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ti ba àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gùn jù, tó lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ní, "Ó ń jó mi bí ẹni tẹ ẹyin iná." Aṣọ ìbora lásán, wọn ò ní jẹ́ kó kan ibẹ̀. Gabapentin, oògùn ìrora iṣan, dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òòyì tó ń kọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè dá rìn dé ojúde.

"Ìyèrú Ọ̀kín, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Báyìí ni físíò tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ náà ṣe máa ń kí wọn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀. Ó ki ọ̀kan bọ ìsàlẹ̀ orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ojúgun, ó ki òmíràn sókè ọrùn ẹsẹ̀ lápá inú. Ó fi wáyà mú wọn, ó yí bọ́tìnì ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì. Ẹran ojúgun Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, pì, pì, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

"Bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ni," wọ́n ní, "kò kàn buni jẹ ni."

Físíò ṣàlàyé fún wa pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Han Jisheng ní Beijing lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀: iná tó ń lọ pẹ̀lẹ́, bíi ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yìí, ń mú kí ara tú endorphin àti enkephalin jáde, èyí tó yára dé ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń tú dynorphin. Oògùn ìrora tí ara ń sè fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí kò tíì fẹnu kò lórí bó ṣe ń ran irú ẹsẹ̀ yìí lọ́wọ́ tó. Mo fẹ́ràn pé ó sọ ìyẹn náà fún wa.

Lójú ọ̀nà, Màmá bi mí bóyá àwọn ṣì ní láti máa lo oògùn ṣúgà. Ọkàn mi já. Nítorí mo wà níbẹ̀ nígbà tí físíò ní kí wọ́n dijú, tó fi fọ́nrán ọ̀rá tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Màmá dákẹ́, wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ti ṣetán."

Mo ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ o, Màmá." Mo tún un sọ títí a fi délé.

Lálẹ́ yìí mo fi iná fóònù wo àárín ọmọ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà ti bó wọn ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Wọn ò mọ̀. Mo fi omi àti ọṣẹ nù ún, kí n tó fi báńdéèjì wé e tán, wọ́n ti sùn lọ.