Sípóòkù mẹ́ta já mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé Ọ̀yọ́

Ìbàdàn sí Ìlọrin lórí kẹ̀kẹ́, ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa sùn lọ́nà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Àgọ́, aṣọ, omi àti ìkòkò kékeré jẹ́ kílò 22, mo sì di gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n wíìlì ẹ̀yìn tí mo rà lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ló ṣì ń bí mi nínú. ₦35,000 ni ẹni tó tà á gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní mo lè fi ru sìmẹ́ǹtì. Tuntun ni lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fa sípóòkù rẹ̀ (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so rímù mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn ìdí wíìlì láàárín) le láti ìgbà tó ti kúrò nínú páálí, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo kúrò ní Ọjọ́ọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì kọjá Mọ́níyà láìsí wàhálà. Ó kù díẹ̀ kí n dé Fìdítì ni mo gbọ́ ọ: tíń! Mo rò pé òkúta ló ta bá kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí òmíràn tún dún, ni wíìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí rímù ń gbo bíréèkì.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Sípóòkù méjì ti já, apá ọ̀tún ni méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ní ọrùn gan-an níbi tí irin ti tẹ̀ kọ́ họ́ọ̀bù. Kò sí nǹkan kan tó ṣe àárín wọn. Mo dẹ bíréèkì ẹ̀yìn, mo gbé àpò kan kọ́ iwájú, mo rọra ń lọ. Ẹ̀kẹta já nígbà tí mò ń wo Ọ̀yọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ̀lú.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe àkọ́kọ́ tí mo bá wo akoto orí mi, ó wo àpò mi, ó ní ₦9,000. Sípóòkù mẹ́ta péré! Kí n tó dáhùn, ó ti gbé ṣísù àti òòlù, ó fẹ́ máa fi gbá jíà ẹ̀yìn kúrò, nítorí pé sípóòkù apá ọ̀tún kò ṣeé pààrọ̀ láìtú jíà. Jíà ọ̀hún ìbá bàjẹ́ lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi òòlù tú jíà yín, ẹ gba kẹ̀kẹ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọlọ́kadà kan ló júwe Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́. Bàbá ò fèsì. Wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n ń fi ìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á dún tín-ín-rín, èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dún gbọ̀ọ̀, bíi dùndún tí ọsán rẹ̀ ti dẹ̀.

“Ṣé o gbọ́ ọ? Ọmọ mi, kì í ṣe ẹrù nìkan ló já a. Wọn ò fà á dọ́gba.”

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bí wíìlì ṣe ń yí, sípóòkù tó bá dé ìsàlẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀, tó bá kúrò níbẹ̀ á tún le. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ìyẹn á ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 24,000. Èyí tí kò le dáadáa ń mì ní ọrùn ni, bí ìgbà téèyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi kán.

Bàbá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú jíà, ìṣẹ́jú kan ni. Wọ́n fi mẹ́ta tuntun sí i, wọ́n wá lọ́ gbogbo sípóòkù 32 díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé èékánná àtàǹpàkò ti férémù, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rímù. Ibi tó bá ti kàn án, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fún sípóòkù pọ̀ ní méjì-méjì, irin ń ké kẹ́-kẹ́, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ jẹ àmàlà tó gbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì dé, wọn ò tíì parí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tiwọn wà lára ògiri. Mo ka sípóòkù rẹ̀: 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù.

₦4,500 ni wọ́n gbà, tòun ti sípóòkù mẹ́rin tí mo so mọ́ férémù. Gígùn apá ọ̀tún yàtọ̀ díẹ̀ sí tòsì, nítorí náà ẹ mú oríṣi méjèèjì dání. Tí mo bá tún máa ra wíìlì fún ẹrù, oní-sípóòkù 36 ni, kí sípóòkù rẹ̀ nípọn ní orí méjèèjì, kó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, milimítà 2.0 sí 1.8. Àárín tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń nà, kì í jẹ́ kí ọrùn jẹ gbogbo ìyà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ta sípóòkù yín: ẹ̀yìn lápá ọ̀tún á ké ju tòsì lọ, àmọ́ àwọn tó wà lápá kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún kòtò, tírélà ò sì jẹ́ kéèyàn rójú yẹ̀ ẹ́. Mo já sínú kòtò kan tí eyín mi fi pàdé. Mo dúró, mo ta sípóòkù yíká. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń ké, ohùn ọ̀hún náà ni wọ́n sì ń ké nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ n'Ílọrin.